Adìẹ Ti Rìn, Ẹṣin Kò Dìde

Akparé, ní òwúrọ̀ ọjọ́ ọjà

Kòsí ọmọ mi, ìwọ Àjàní ọkọ mi,

Ìwé rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́ lánàá. Mo kí ọ, mo kí Àfí ìyàwó rẹ, mo kí gbogbo ẹni tí ẹ jọ ń gbé nílùú àlejò yẹn. Ara mi le, orúnkún nìkan ló ń yọ mí lẹ́nu bó ti máa ń ṣe nígbà òjò. Ìkíni tó báyìí. O ní kí n bá ọ yọ̀ nítorí adìẹ kan. Ọmọ mi, n kò lè bá ọ yọ̀.

Kí o tó ka ìyókù ìwé yìí, gbé e sílẹ̀. Lọ sí ẹ̀yìn ilé níbi tí o so ẹṣin rẹ mọ́. Tú àwọn igi tí wọ́n dì mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Gbé ẹsẹ̀ náà sókè, fi omi fọ abẹ́ pátákò rẹ̀ títí ẹrẹ̀ á fi kúrò, kí o wò ó dáadáa. Fọwọ́ kan pátákò náà bóyá ó gbóná ju ti àwọn ẹsẹ̀ yòókù lọ. Mú òkúta kékeré, kí o máa fi kàn án jẹ́ẹ́jẹ́ káàkiri. Ibi tí ẹṣin náà bá ti já ẹsẹ̀ gbà lọ́wọ́ rẹ, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Bí Bàbá Kékeré bá bi ọ́ léèrè ohun tí ò ń ṣe, sọ fún un pé ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló rán ọ.

Ṣé o ti ṣe é? Bí o kò bá tíì ṣe é, má kà á síwájú. Mo mọ̀ ọ́, wàá fẹ́ kà á tán ná. Bàbá rẹ náà rí bẹ́ẹ̀, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Bí ilé ń jó, á ní kí a jẹ́ kí òun parí ojú ìwé tí òun wà. Lọ, kí o tó padà wá.

Ó dára. Jókòó nísinsìnyí, kí n sọ ìdí rẹ̀ fún ọ.

Mo ka ìwé rẹ ní àkàtúnkà. O ní ẹsẹ̀ iwájú ẹṣin rẹ dédé bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún nígbà tí o ti àwọn oko òwú tí ìjọba ní kí o máa bẹ̀ wò dé. O ní ẹsẹ̀ náà wú dé orúnkún, kò sì lè tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. O ránṣẹ́ sí Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá rẹ, nítorí pé teguntegun ni, kò sì sí egungun tó ṣẹ́ tí kò lè tò. Ó wá, ó fọwọ́ bà á, ó ní egungun ló ṣẹ́ nínú. Ó fi oògùn ra á, ó fi igi dì í. Ó ṣẹ́ ẹsẹ̀ adìẹ kan, ó fi igi di ti adìẹ náà. O wá ń fi ìdùnnú kọ ọ́ sí mi pé adìẹ ti ń tẹ ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀, pé bó bá ti rìn tán, ẹṣin rẹ náà á rìn.

Lẹ́yìn náà ni o wá fi ọ̀rọ̀ kan há ìsàlẹ̀ ìwé. O ní Àfí kò fẹ́ dé ẹ̀yìn ilé mọ́, ó ní ibẹ̀ ń rùn, o sì dá a lóhùn pé òórùn oògùn ni, pé àwọn obìnrin kò ní sùúrù. Ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ ìwé yẹn ni kò jẹ́ kí n lè jẹun lánàá. Mo gbé àwo kalẹ̀, mo tún gbé e kúrò. Mo ti gbọ́ irú òórùn yẹn rí, Kòsí. Mo ti gbọ́ irú èsì yẹn rí pẹ̀lú, láti ẹnu bàbá rẹ.

O sọ ẹṣin rẹ ní Májẹ́ńdárìn, nítorí pé o gbọ́ orúkọ náà lẹ́nu bàbá rẹ nígbà tí o wà ní kékeré. Kò sọ ìtàn rẹ̀ fún ọ rí. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀yin ọmọ, èmi náà sì bá a pa á mọ́ nítorí tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti wà nínú ilẹ̀ báyìí, èmi ni mo ṣẹ́kù. Ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré. Ìwọ gbé orúkọ ẹṣin iwájú, o kò mọ ibi tó ṣubú sí.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé bàbá rẹ ni nígbà náà. Oníṣòwò obì kan láti ìhà Sokodé ṣàìsàn lójú ọ̀nà, ó sì wó sí ẹnu ilé wa. Bàbá rẹ gbé e wọlé. Èmi ni mo ń po ẹ̀kọ mímu fún un títí ara rẹ̀ fi mókun. Ó dúpẹ́, ó lọ, a sì gbàgbé rẹ̀. Àfi bí ó ṣe rán ènìyàn sí wa lẹ́yìn ìkórè, tí ẹni náà fa ẹṣin pupa kan wá, iwájú orí rẹ̀ funfun.

Gbogbo Akparé ló wá wò ó. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ti rí ẹṣin àwọn sójà, ẹ ti rí ti kọmándà òyìnbó. Ní tiwa nígbà náà, iṣu la mọ̀, ewúrẹ́ la mọ̀. Kò sí ẹni tó sin ẹṣin rí nínú wa. Ìyá àgbà kan tilẹ̀ bi mí bóyá ó máa ń jẹ ẹ̀wà. Bàbá rẹ kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Ó kàn dúró ti ẹṣin náà, ó gbé ọwọ́ lé e lọ́rùn, ojú rẹ̀ sì dà bí ojú ọmọ tó rí ìyá rẹ̀.

O mọ̀ pé katikíìsì ni bàbá rẹ. Nígbà náà, òun nìkan ló máa ń fi ẹsẹ̀ rìn láti ibí dé Glei, láti Glei dé àwọn abúlé inú igbó, láti kọ́ àwọn ènìyàn ní àdúrà. Ìyá rẹ̀ ti kú kó tó mọ ọ̀rọ̀ í sọ, kò sì ní ọ̀rẹ́ púpọ̀. Ìdí nìyẹn tó fi sọ ẹṣin náà ní Májẹ́ńdárìn. Ó ní láti ìgbà tí òun ti dáyé, òun nìkan ni òun ń rìn, ó tó gẹ́ẹ́.

Mo jowú ẹṣin náà, má fi mí rẹ́rìn-ín. Bí a bá ní gbólóhùn asọ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni bàbá rẹ á gbà lọ, á máa fi èdè Ewé bá a sọ̀rọ̀, torí pé èmi kò tíì gbọ́ Ewé dáadáa nígbà yẹn. Ẹṣin náà mọ ẹjọ́ mi ju ìyá tó bí mi lọ. Ṣùgbọ́n èmi ni mo ń pa koríko fún un. Bí mo bá bẹ̀rẹ̀ láti tú ìdì koríko, á gbé àgbọ̀n lé mi léjìká, á máa mí gbùú sí mi létí. Kò pẹ́ tí owú fi kúrò lójú mi. Mo fẹ́ràn rẹ̀, Kòsí. Mo fẹ́ràn rẹ̀ bí ọmọ, nítorí pé n kò tíì bí ọ̀kankan nínú yín.

Àwọn ọdún náà ni àwọn Faransé ń tún ọ̀nà ńlá ṣe. Ilé kọ̀ọ̀kan ló ń yọ ènìyàn tí á lọ fọ́ òkúta, wọ́n sì ń da òkúta tí a fọ́ náà sójú ọ̀nà, tuntun, mímú. Ní ọjọ́ kan bàbá rẹ ti Glei dé, ó ń fi ẹsẹ̀ rìn, ó ń fa ẹṣin lọ́wọ́. Ẹṣin náà ń tiro. Bàbá rẹ tẹ́ aṣọ ìlékè rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹṣin lè dùbúlẹ̀ lé e. Nígbà tó máa di ọjọ́ díẹ̀, ẹsẹ̀ ti wú.

Bàbá àgbà rẹ, bàbá ọkọ mi, ni wọ́n ní iṣẹ́ teguntegun tí Bàbá Kékeré ń ṣe lónìí. Kí o má rò pé mo fẹ́ ba wọ́n jẹ́. Láti Glei dé Anié, kò sí ẹni tó mọ egungun bíi tiwọn. Apá mi ọ̀tún tí mo fi ń kọ ìwé yìí, mo fi ṣubú lórí igi nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́mọbìnrin, àwọn ni wọ́n tò ó. Ilé wọn ni bàbá rẹ ti kọ́kọ́ rí mi. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n fọwọ́ lé ẹsẹ̀ ẹṣin, tí wọ́n ní egungun ni, ta ló máa bá wọn jiyàn?

Bàbá rẹ béèrè díẹ̀. Ó ní, “Bàbá, ṣé kì í ṣe pátákò ló ń dùn ún?”

Bàbá àgbà rẹ́rìn-ín. “Pátákò? Ṣé ìwo máa ń dun ewúrẹ́ ni? Èékánná ni pátákò, ọmọ mi. Kò sí ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀. Ibi tó wú ni kí a mójú tó.”

Gbogbo wa la gbà bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ ènìyàn tó bá wú báyẹn, tí kò ṣeé tẹ̀ mọ́lẹ̀, egungun ni. Èwo ni ti ẹṣin tí á yàtọ̀? A fẹ́ràn rẹ̀ bí ènìyàn, a sì tọ́jú rẹ̀ bí ènìyàn. Ibẹ̀ ni a ti ṣìnà.

O mọ àṣà náà, o rí i lọ́dọ̀ Bàbá Kékeré. Adìẹ ni òṣùwọ̀n. Ọjọ́ tí adìẹ bá rìn ni wọ́n á tú igi aláìsàn. Kí ó tó rìn, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan okùn, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ sọ pé ara kò ní yá. Fún ènìyàn, ó dára. Ènìyàn lẹ́nu. Bí okùn bá le jù, á pariwo. Bó bá jẹ́ ibòmíràn ló ń dùn ún, á sọ. Ta ni ẹṣin máa sọ fún?

Adìẹ funfun tí ìyá mi fún mi ni wọ́n mú. Láti ọjọ́ náà, adìẹ di ọba nílé wa. A ń fọ́ àgbàdo fún un, a ń lé ajá kúrò lẹ́bàá rẹ̀. Bí àwọn ènìyàn bá pàdé bàbá rẹ lójú ọ̀nà, wọn kì í béèrè ẹṣin mọ́. “Adìẹ ńkọ́?” ni wọ́n ń wí. Á ní, “Ó ń gbìyànjú.” Inú wọn á dùn. Inú tirẹ̀ náà á dùn.

Ẹṣin wà lẹ́yìn ilé. Èmi tí mo ń gbé koríko lọ ni mo ń rí i. Koríko àná ni mo ń bá níbẹ̀ lówùúrọ̀. Kò gbé àgbọ̀n lé mi léjìká mọ́. Lẹ́yìn náà ni òórùn náà bẹ̀rẹ̀. Mo fọwọ́ kan pátákò rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó gbóná bí ìkòkò tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí iná. Mo lọ bá bàbá rẹ.

Mo ní, “Ẹsẹ̀ yẹn ń rùn.”

Ó ní, “Òórùn oògùn ni.”

Mo ní, “Èmi ni mo gún oògùn tí wọ́n fi ra ẹsẹ̀ náà. Kì í rùn báyìí.”

Kò wojú mi. Ó ní, “Kí ni kí n ṣe? Kí n lọ tú okùn tí bàbá mi dì? Adìẹ ti fẹ́ rìn. Ṣe sùúrù.”

Mo wo ojú rẹ̀, mo rí i pé òun náà ti gbọ́ òórùn náà. Ó ti gbọ́ ọ ṣáájú mi. Mo dákẹ́. Ìyàwó tuntun ni mí, mo rò pé dídákẹ́ ni ìwà pẹ̀lẹ́. Ìbẹ̀rù ni, kì í ṣe ìwà pẹ̀lẹ́.

Adìẹ rìn. Òwúrọ̀ kan tí ojú ọjọ́ mọ́ kedere ni. Ó sọ̀ kalẹ̀ lórí ẹní rẹ̀, ó gba àárín àgbàlá kọjá lọ jẹ àgbàdo, kò tiro rárá. Bàbá àgbà pariwo ayọ̀. Àwọn obìnrin jáde, ẹnìkan dárin, ẹnìkan gbé ọtí sódàbì wá. Bàbá rẹ jó. N kò rí i kí ó jó bẹ́ẹ̀ rí, kò sì jó bẹ́ẹ̀ mọ́ títí ó fi kú. Èmi náà jó, torí mo ní bóyá èmi ni mo ṣì í gbọ́, bóyá òórùn oògùn ni lóòótọ́. Lẹ́yìn ìgbà tí a jó tó, Bàbá àgbà mú ọ̀bẹ láti lọ gé okùn, gbogbo ilé sì tẹ̀lé wọn lọ sẹ́yìn ilé.

Ẹṣin ti kú. Ara rẹ̀ ṣì gbóná. Ó dùbúlẹ̀, ó kọ orí sí ìhà àgbàlá, níbi tí ohùn wa ti ń wá. Ìgbà tí à ń jó ló kú, Kòsí. Ẹṣin tí à ń pè ní Májẹ́ńdárìn, òun nìkan ló dá kú sẹ́yìn ilé, gbogbo ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ ń jó níwájú.

Bàbá rẹ gba ọ̀bẹ, ó gé okùn, ó kó igi kúrò. Bàbá àgbà fi ọwọ́ wọn méjèèjì tọ ẹsẹ̀ náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ọwọ́ yẹn kì í purọ́. Egungun náà gún régé, kò sí ibi tó ṣẹ́, kò sí ibi tó sán. Wọ́n tọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Wọ́n dìde, wọ́n wọ yàrá wọn lọ.

Nígbà náà ni bàbá rẹ gbé pátákò náà sókè fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó ní kí n bu omi wá. Ó fọ̀ ọ́ bí ẹni wẹ ọmọ ọwọ́. Ojú dúdú kékeré kan wà láàárín. Ó fi ọ̀bẹ tọ́ ọ, ọyún tú jáde, òkúta ojú ọ̀nà kan sì bá a jáde, kò tó èékánná ọmọ tuntun. Ó so ó mọ́ ìṣẹ́tí aṣọ rẹ̀, n kò sì rí i mọ́. Ìka tó bá ṣẹ̀ ni ọba ń gé. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo tó ṣẹ́ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ náà, ẹsẹ̀ adìẹ ni, àwa la sì fọwọ́ ara wa ṣẹ́ ẹ.

O mọ̀ pé èèwọ̀ ni láti pa irú adìẹ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ó wà pẹ̀lú wa. Ó ń yé, ó ń kó ọmọ, ó ń rìn káàkiri àgbàlá lórí ẹsẹ̀ tí wọ́n wò sàn. Bí ó bá gba iwájú Bàbá àgbà kọjá, wọ́n á kọjú sí ògiri. Wọ́n bi mí lọ́jọ́ kan tí mo gbé oúnjẹ lọ bá wọn. Wọ́n ní, “Ìyàwó, nínú àwọn méjèèjì, èwo ni mo wò sàn?” Mo gbé oúnjẹ náà kalẹ̀ níwájú wọn. Wọn kò rí òpin ọyẹ́ ọdún náà.

Bàbá rẹ padà sí ẹsẹ̀ rírìn. Bí o bá wò ó láti ẹ̀yìn bó ṣe ń lọ, ọwọ́ òsì rẹ̀ máa ń yọ síta díẹ̀, bí ẹni tó di okùn mú. Kò dá orúkọ náà pè mọ́, àfi ìgbà tí ìwọ bá gùn ún lẹ́yìn, tí o ń fi gìgísẹ̀ gbá a ní ìhà pé kí ó sáré. Á máa sáré kiri àgbàlá, á ní, “Májẹ́ńdárìn ń bọ̀, ẹ yà lọ́nà.” Ibẹ̀ ni o ti gbọ́ ọ.

Ìtàn náà nìyẹn. Ohun tí mo fẹ́ kí o fi í ṣe nìyí.

Èkíní, ẹsẹ̀ ẹṣin. Bí o bá rí ojú dúdú tàbí ibi tó ń dùn ún lábẹ́ pátákò, má dá a gbẹ́. Àwọn Kotokolí tí wọ́n bá ẹṣin dàgbà kò jìnnà sí ọ, lọ bẹ̀ wọ́n. Má tijú pé akọ̀wé ìjọba ni ọ́. Jẹ́ kí wọ́n la ojú ibẹ̀ kí ọyún lè rí ọ̀nà jáde. Lẹ́yìn náà, omi gbígbóná tí a fi iyọ̀ sí ni kí o máa ki ẹsẹ̀ náà bọ̀, omi tí ọwọ́ rẹ lè gbà. Ibi gbígbẹ ni kó máa dúró sí. Má so okùn kankan mọ́ ọn. Bó bá jẹ́ pé egungun ló ṣẹ́ lóòótọ́, ẹsẹ̀ á máa fì dirodiro, wàá sì mọ̀. Ìyẹn ní ẹjọ́ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n abẹ́ ni kí o kọ́kọ́ wò.

Èkejì, Bàbá Kékeré. Má bá a jà. Etíkun ló wà nígbà tí gbogbo èyí ṣẹlẹ̀, ó ń bá wọn ṣiṣẹ́ ojú irin. Ohun tí a sọ fún un nígbà tó dé ni pé àìsàn ló pa ẹṣin, a kò fẹ́ kí ó gbọ́ ohun tó pa bàbá rẹ̀. A rò pé ọ̀wọ̀ là ń ṣe. Wò ó, ohun tí a bò mọ́lẹ̀ yẹn ló wá hù lẹ́yìn ilé rẹ. Dọ̀bálẹ̀ fún un, kí o fún un ní ọtí, kí o ka ìwé yìí sí i létí. Á bínú, á sọkún. Jẹ́ kó sọkún. Ọ̀wọ̀ ni kí o fi tú igi náà, ṣùgbọ́n tú u. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, òun náà kò ní fẹ́ kó jẹ́ pé ojú òun ni ó ṣe wọ́.

Ẹ̀kẹta, Àfí. Ọkọ mi, ìwọ ni mo ń bá wí níbí. Ọmọ ènìyàn sọ fún ọ pé nǹkan ń rùn, o ní kò ní sùúrù. Imú rẹ ńkọ́? Mo mọ̀ pé ìwọ náà ti gbọ́ ọ, torí pé ọmọ bàbá rẹ ni ọ́. Lọ bá a lónìí, kí o sọ fún un pé òótọ́ ló sọ. Bí o bá pa obìnrin lẹ́nu mọ́ lórí òótọ́, ó lè má pariwo. Á máa dáná, á máa rẹ́rìn-ín, á máa kí àwọn ènìyàn rẹ, kò sì ní sọ òótọ́ fún ọ mọ́. Ó pẹ́ kí èmi àti bàbá rẹ tó kúrò nínú ìdákẹ́ yẹn. Ó fẹ́ràn mi, mo fẹ́ràn rẹ̀, síbẹ̀ ẹṣin òkú kan wà láàárín wa tí ẹnikẹ́ni kò dárúkọ. Má jẹ́ kí ó wà láàárín ẹ̀yin méjèèjì.

N kò ka iye mọ́, ṣùgbọ́n èyí náà ṣe pàtàkì. Bí ìwé yìí bá pẹ́ kó tó dé, tí o rí i pé ẹ̀pa kò bóró mọ́, má sá kúrò níbẹ̀. Bàbá rẹ sọ fún mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pé kì í ṣe ikú ẹṣin náà ló ń dun òun jù. Jókòó ti orí rẹ̀. Gbé ọwọ́ lé e lọ́rùn, kí o máa bá a sọ̀rọ̀, èdè tó bá wù ọ́. Má jẹ́ kó dá lọ. Adìẹ náà ńkọ́? Fún un lóúnjẹ. Kò ṣẹ̀ ọ́, kò ṣẹ̀ mí.

Mo fi ìwé yìí rán awakọ̀ kamíọ̀n òwú tó ń gòkè lọ. Mo ti kìlọ̀ fún un pé kó má dúró mu ọtí ní Anié. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn.

Ó ku ohun kan. Nígbà tí ẹ wà ní kékeré, kò sí ìrọ̀lẹ́ kan tí n kì í gbé ẹsẹ̀ yín sókè lọ́kọ̀ọ̀kan, kí n fi àtùpà wo àtẹ́lẹsẹ̀ yín. Ẹ máa ń fi mí rẹ́rìn-ín. Ìwọ lo máa ń béèrè jù, “Ìyá, kí lẹ ń wá?” Mo ní jìgá ni. Kì í ṣe jìgá, ọmọ mi. Nígbà tí bàbá rẹ wà lórí ẹní tí kò dìde lórí rẹ̀ mọ́, gbogbo ènìyàn jókòó ti orí rẹ̀, wọ́n ń gbàdúrà. Èmi jókòó ti ẹsẹ̀. Mo gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè, mo wo abẹ́ rẹ̀, ọ̀tún àti òsì. Ó la ojú, ó wò mí. Òun kò béèrè ohun tí mò ń wá. Ó ní, “Ìyá Kòsí, o ṣeun tí o wò ó.”

Nígbà tí o bá ń fèsì, má kọ ohunkóhun sí mi nípa adìẹ. Ohun tí o rí lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹṣin ni kí o sọ fún mi.

Èmi ni ìyá rẹ, ní Akparé, tó ń wo ojú ọ̀nà.